Ọkọ̀ Àlòkù Tí Kò Ní Orúkọ ní Afijió

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún èyí tó ń fò lójú òfuurufú, èyí tó ń léfòó lórí omi àti èyí tó ń sáré lórí ilẹ̀: ọkọ̀ ni gbogbo wọn. Ará Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìlàjẹ tó bá ní òun ra ọkọ̀ àlòkù, èyí tó ń gbé èèyàn kọjá ọ̀sà ló ní lọ́kàn. Ní Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti Akínmọ́rìn, níbi tí kò ti sí ọ̀sà, ọkọ̀ àlòkù ni píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tó ti sin ọ̀gá mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fi kó ọsàn. Omi àti ilẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bi ọkọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀: kí ni orúkọ rẹ, níbo ni wọ́n ti bí ọ, ọwọ́ ta lo sì ti wá?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré ní agbègbè yìí. Kò sí arìnrìn-àjò tó ń gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ tí kò mọ Fìdítì mọ́ ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìlọrà ní tirẹ̀ wà lára àwọn ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá ibùdó àgbẹ̀ sí. Ohun tí oko bá mú jáde ní irú ilẹ̀ báyìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọsàn tó bá sùn mọ́ oko ju bó ti yẹ lọ, òfò ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tuntun sì ti kúrò ní ohun tí àgbẹ̀ lásán lè fojú sùn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ti dákẹ́ fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá fi ń di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri: èyí tó wà lẹ́yìn ilé olóògbé kan, tí koríko ti hù gba àárín ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí adìẹ ń yé sórí àga rẹ̀, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbé tì, èyí tí mẹkáníìkì ń fẹ́ fi dí gbèsè tí ẹni tó gbé e wá kò padà wá san.

Olùrà tó bá débẹ̀, táyà ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ wò. Yóò ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, yóò ní kí wọ́n gbé bátìrì wá, yóò sì fetí sí bí ẹ́ńjìnnì yóò ti dún. Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ohun tó lè sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n kò sí nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, mẹkáníìkì a jí i. Ara ọkọ̀ tó bá dógùn-ún, pánẹ́lì-bítà àti wẹ́dà a rí tirẹ̀ rò. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ń pe orúkọ kan, tí irin rẹ̀ ń pe òmíràn, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan ní Fìdítì tàbí ní Ìbàdàn tó lè tún un ṣe. Lójú ọ̀nà ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú, ní ọjọ́ tí ẹrù kún inú rẹ̀, níwájú ọlọ́pàá tí kò mọ olùrà rí. Ní ọjọ́ náà, àgbẹ̀ tó fi èrè ọsàn ọdún púpọ̀ ra ọkọ̀ yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fura sí pé ó jí i, ọsàn yóò sì máa rà nínú oòrùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Orúkọ tí ọkọ̀ ń jẹ́ gan-an ni nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀. Pátákó nọ́ńbà tó wà níwájú àti lẹ́yìn kò ju aṣọ lọ; ó ṣeé bọ́, ó ṣeé pààrọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń tẹ nọ́ńbà ṣáásì sára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì tún kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n kàn mọ́ ọn ṣeé yọ. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló yẹ kí olùrà wá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí, ọ̀dà àti ìdógùn-ún ọdún gbọọrọ ti bò ó. Kẹrosíìnì díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin, àti ẹfun tí wọ́n fi pa á lójú tó láti jẹ́ kó hàn. Ẹni tó bá gbọ́n yóò tẹ́ bébà lé e, yóò sì máa fi pẹ́ńsùlù ra orí bébà náà títí nọ́ńbà yóò fi jáde bó ti wà lára irin, nítorí ojú èèyàn a máa rí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ rí, pàápàá nígbà tí owó ti wà lápò.

Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ máa ń gún régé, jíjìn rẹ̀ a sì dọ́gba. Ibi tí nọ́ńbà kan bá ti ga ju èkejì, tí irin abẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti fi fáìlì ha á, tàbí tí àpá wẹ́dà yí i ká bí ojú egbò, ibẹ̀ ni kí olùrà ti ká owó rẹ̀ padà sápò. Láti 1981 ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti ń ní nọ́ńbà ṣáásì alámì 17, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn sì gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Ìwé tó bá kọ ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́ta yìí sínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, yálà akọ̀wé ló ṣì í kọ tàbí ayédèrú ni. J ní ìbẹ̀rẹ̀ ń tọ́ka sí Japan, W sí Jámánì, VF sí Faransé, 1, 4 tàbí 5 sí Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà ní irú rẹ̀: láti oṣù kọkànlá ọdún 1972, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá ṣe ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní àmì 12 tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún.

Àwọn tó dàgbà ju ìyẹn lọ ni iṣẹ́ wà lára wọn. Nọ́ńbà wọn kúrú, ìwé wọn sì ti sọnù tàbí ikán ti jẹ ẹ́. Ìtàn ni èèyàn yóò fi dá irú wọn mọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, bolẹ́kàjà Bedford tí sítíárì rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá ní wọ́n rà á ní tuntun níhìn-ín ní 1980 ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe. Ọdún 1968 ni Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde ní Faransé, 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ìwé tó bá pe 504 ní ọkọ̀ 1965 ti tú ara rẹ̀ fó. Pátákó nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀. Láyé OY, lẹ́tà tó ń tọ́ka sí ìpínlẹ̀ ló máa ń ṣíwájú. Ní 1992 ni wọ́n yí i padà, ní 2011 wọ́n tún mú irú mìíràn wá. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó ní òun kò fọwọ́ kan pátákó nọ́ńbà rẹ̀ láti 1985, tó sì jẹ́ pé irú ti 2011 ló wà lára rẹ̀, òpùrọ́ ni, bó ti wù kó búra tó.

Nínú gbogbo èyí, ẹlẹ́rìí kan wà tí ọ́fíìsì kankan kò rántí láti pè. Ìbàdàn ti ní ilé iṣẹ́ Leyland tirẹ̀ rí, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí irú ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì ń dán kò tíì tán nílẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí lára irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ṣáásì tí wọ́n gé pọ̀ láti ara ọkọ̀ méjì, wọ́n sì lè fọwọ́ pa irin kan kí wọ́n sọ pé èyí kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Owó tí olùrà yóò fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ kí ó bá òun wò ó kò tó nǹkan kan lára owó tí yóò ná ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rọrùn díẹ̀. Kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí kò tíì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọjà Gate n'Ìbàdàn ń bẹ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjọ̀ọ̀mù sì ń bẹ lọ́jà náà. Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìfi rísíìtì rẹ̀ pamọ́, àìsì kọ nọ́ńbà tuntun sínú ìwé ọkọ̀, ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ìwé ni ìṣòro kejì, ó sì le ju ti irin lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí máa ń wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ olóògbé ni ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi. Ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún, ogún ẹbí ni ohun tó fi sílẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọ tó wà nílé lọ́jọ́ tí olùrà dé. Àbúrò kan ní Èkó lè fi ẹjọ́ sùn lọ́la pé wọ́n jí ọkọ̀ bàbá òun gbé, yóò sì rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Òfin títa ọjà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láti 1959, èyí tó wá láti inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dúró lórí ìlànà kan tí àgbà ilé Yorùbá kankan kò ní í bá jiyàn: ẹni tí kò ni nǹkan kò lè sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn. Àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, olùrà tó fi òótọ́ inú sanwó fún ohun tí kì í ṣe ti ẹni tó tà á yóò dá nǹkan padà fún ẹni tó ni ín, yóò sì máa lé ẹni tó tà á kiri fún owó rẹ̀. Kí àgbẹ̀ tó sanwó, ó yẹ kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ tó kù ti fọwọ́ síwèé, kí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ sì bá orúkọ olóògbé mu. Bí olóògbé náà bá ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìyí orúkọ padà, òkú méjì ni olùrà ń bá dòwò pọ̀.

Àìyí orúkọ padà yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ọkọ̀ kan á kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ á ṣì wà lórí ìwé, àwọn mẹ́ta yòókù á sì máa sọ pé ajẹ́ǹtì ń bá àwọn ṣe é. Ohun tí wọ́n ń rò ni owó tí ìjọba yóò gbà. Wọ́n kì í rò ó dé ibi tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, nígbà tí ẹni tó wa ọkọ̀ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ilé rẹ̀. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti ẹni tó ta ọkọ̀ náà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ní ìlú mìíràn, ilé tí kò ṣọ̀fọ̀ ni wọn yóò gbé ọ̀fọ̀ lọ, àwọn tó ni òkú yóò sì máa retí rẹ̀ bọ̀ láti ọjà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Níbí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ aṣáájú rẹ̀, nígbà tí ikú ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ti sú gbogbo ènìyàn. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 1988, ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, tí wọ́n sì fi Ṣóyínká kan náà ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àgbẹ̀ Afijió tó fẹ́ ṣe dáadáa yóò dojú kọ. FRSC ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀. Aṣọ́bodè ní ti owó ibodè. Ọlọ́pàá ní ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tiwọn, tí wọ́n kéde ní 2024 pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá béèrè èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, kí ariwo ará ìlú tó mú kí wọ́n dá a dúró. Ìwé mẹ́rin fún ọkọ̀ kan, kò sì dájú pé ohun tó wà nínú ọ̀kan wà nínú èkejì. Ohun tí àgbẹ̀ nílò kò ju ìdáhùn sí ìbéèrè kan lọ kó tó sanwó: ṣé ẹnikẹ́ni ń wá ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà ṣáásì yìí? Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò gbé kalẹ̀ ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kọ ọ́ sójú ìwé ọkọ̀ pé ìwé náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ọkọ̀, kí olùrà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù. Níhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ béèrè irú ìbéèrè yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìdí tó fi ń béèrè.

Àwọn kan ń sọ pé ojútùú ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ ògbólógbòó dà nù. Ẹni tí kì í kó ọsàn ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi mẹ̀kúnnù sílẹ̀ kó máa wa ohun tó bá rí. Ìyẹn náà kò dára, nítorí ṣáásì tí ìdógùn-ún ti jẹ kì í yan ẹni tí yóò pa, ọmọ mẹ̀kúnnù ló sì pọ̀ jù lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún lè má san owó orí ọkọ̀ mọ́, àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ sì máa ń yẹ ṣáásì wò, wọ́n á kọ lẹ́tà tó ń jẹ́rìí sí ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, ìjọba á sì gba lẹ́tà náà. Kò sí ohun tó ní kí irú rẹ̀ má ṣeé ṣe níbí pẹ̀lú àwọn àgbà mẹkáníìkì tí ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá lókè.

Ọ̀ràn náà kò sì ní í dín kù. Ìwádìí tí àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ló jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀ tí ń wá sí ilẹ̀ yìí ń gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé, àmọ́ òfin kò dí ọ̀nà igbó. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí ìdílé sì kí káàbọ̀. Tòkunbọ̀ tó gba inú igbó wọlé kò ní ìwé ibodè, ẹni tó kọ́kọ́ rà á sì mọ̀. Ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin ni kì í mọ̀, abúlé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń darúgbó sí.

Ohun kan panilẹ́rìn-ín nínú òfin Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti fún kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ alájẹ̀ ní láísẹ́ǹsì, ó sì yọ ọkọ̀ akẹ́rù ẹlẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Afijió lágbára lórí ọkọ̀ alájẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí omi tí wọn yóò ti wà á, kò sì lágbára lórí píkọ́ọ̀pù tó kún títì rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Kí ìpínlẹ̀ rán òṣìṣẹ́ láísẹ́ǹsì kan àti ayẹ̀kọ̀wò kan lọ sí Jọ́bẹ̀lẹ́, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ní ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù, kí ọlọ́pàá tó ní àkọsílẹ̀ ọkọ̀ jíjí sì jókòó tì wọ́n. Kí wọ́n fún àwọn tó ti ra ọkọ̀ àtijọ́ ní oṣù mẹ́fà láti gbé e wá fún àyẹ̀wò láìsí ìtanràn, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ àti ìfọwọ́sí ẹbí ẹni tó tà á. Èyí tí wọ́n bá rí pé jíjí ni, kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kí ẹni tó gbé e wá fúnra rẹ̀ má sì sùn ní àtìmọ́lé nítorí pé ó wá. Èyí tí ṣáásì rẹ̀ ti jẹrà, kí wọ́n gba ìwé rẹ̀ kí ó má bọ́ sójú títì mọ́. Èyí tó bá yege, kí ó gba orúkọ ẹni tó ń wà á gan-an lọ́jọ́ náà, ní iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kí ajẹ́ǹtì má bàa fi kún un. Ó yẹ kí èyí ti bẹ̀rẹ̀ kí ọsàn tó wà lórí igi ní Fìdítì tó pọ́n.